Ẹgbẹ́ àárín nílùú ọba: kí ni iṣẹ́ Lib Dem gan-an?

ỌmọÈkìtì_Leeds

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń yí mi lórí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí ẹ bá wa dá sí i. Ìbò July 2024, gbogbo ariwo orí tẹlifíṣọ̀n, Labour àti Tory (Conservative) ni, tí wọ́n bá sinmi díẹ̀ wọ́n á gbé Nigel Farage ti ẹgbẹ́ Reform sí i. Lib Dem, ìyẹn Liberal Democrats, ńkọ́? Ed Davey, olórí wọn, ni wọ́n ń fi hàn wá tó ń já bọ́ látorí pákó sínú adágún Windermere, tó tún so okùn mọ́ra bẹ́ sílẹ̀ látòkè. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin tá à ń fi rẹ́rìn-ín ti kó ìjókòó 72 nílé aṣòfin. Látọdún 1923, ẹgbẹ́ yẹn àti àwọn Liberal tó bí i ò tíì rí iye yẹn mọ́.

Síbẹ̀ ẹ ní kí ẹnì kan sọ ohun tí wọ́n dúró fún ní gbólóhùn kan, ẹ ó rí i pé kò rọrùn. Wọ́n láwọn ò sí lápá òsì bíi Labour, àwọn ò sí lápá ọ̀tún bíi Tory, àárín làwọn wà. Èrò tèmi rèé, ẹ wá bá mi tú u: ẹgbẹ́ àárín wúlò nílùú ọba nígbà tó bá wà níta ìjọba. Tó bá wà níta, àwọn ńlá méjèèjì á máa wẹ̀yìn torí ẹ̀, wọ́n á sì máa jí èrò ẹ̀ lò. Ọjọ́ tó bá wọlé, ó tán fún un. 2010 wọ́n ní 57, wọ́n bá Tory ti David Cameron jókòó nínú ìjọba, nígbà tó fi máa di 2015 mẹ́jọ péré ló kù.

LabourNiMí

Mẹ́jọ yẹn gan-an pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé lẹ́yìn 2015 lẹ ń fojú àánú wò wọ́n. Ṣáájú ìbò 2010, àwọn olùdíje Lib Dem fọwọ́ síwèé fún NUS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ya fọ́tò sí i, ẹ̀rín lẹ́nu: àwọn ò ní dìbò láti fi kún owó yunifásítì. Nick Clegg, olórí wọn nígbà yẹn, náà gbé tiẹ̀ sókè fún kámẹ́rà. December ọdún yẹn kan náà, ìjọba tí wọ́n wà nínú ẹ̀ ní kí owó kúrò ní nǹkan bíi £3,300 kó máa gòkè lọ sí £9,000. Nínú MP (aṣòfin) wọn 57, 28 ní bẹ́ẹ̀ ni, 21 ní rárá, àwọn mẹ́jọ tó kù ò dìbò. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, apá mẹ́ta! Àárín yín náà nìyẹn: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò sí níbẹ̀.

2012 Clegg ṣe fídíò, ó ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá ó gba iṣẹ́ Facebook lọ. Àwọn ọmọ tó wọ yunifásítì lọ́dún tó bẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì ń san gbèsè títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ṣẹ́gun_Essex

@LabourNiMí ẹ rọra o. Ta ló kọ́kọ́ mú owó yunifásítì wọlé? Ṣebí ìjọba Labour ti Blair ni, 1998. Wọ́n kọ ọ́ sínú mánífẹ́sítò 2001 pé àwọn ò ní fi kún un, wọ́n sì fi kún un, ó di £3,000. Kò sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn dá Labour padà sí MP mẹ́jọ.

Èmi ò kì í ṣe Lib Dem o, Tory ni mò ń dìbò fún, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Owó tí èèyàn á kọ́kọ́ pa lọ́dún kí táàsì tó fọwọ́ kàn án, £6,475 ni lọ́dún 2010. 2014 ó ti di £10,000. Ta ló gbé e wá? Lib Dem. Lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2010, Cameron sọ fún Clegg lójúkojú pé èrò náà dáa ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò sí. Wọ́n wọ ìjọba, owó ẹ̀ wá. Gbogbo ẹni tó ń ṣe kílínà, tó ń ṣe sẹkúríìtì, tó ń ṣe kíà (títọ́jú arúgbó àti aláìlera) nígbà yẹn jẹ nínú ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọ kéékèèké níléèwé láti September 2014, tiwọn náà ni. Nígbà tí ìbò dé, ta ló gba oríyìn? Àwa Tory. Ẹgbẹ́ kékeré ń ṣe làálàá, ẹgbẹ́ ńlá ń jẹ orúkọ.

Ẹ tún ṣírò ẹ̀ wò: Labour ní 258 lọ́dún 2010, ẹ fi 57 Lib Dem kún un, 315 ni, kò tó 326 tó ju ìdajì ilé aṣòfin lọ. Ta ni Lib Dem ì bá tún bá ṣe, bí kò ṣe Tory?

Àgbà_Bermondsey

Ẹ kú ìjíròrò ẹ̀yin ọmọ. Mo ti wà lágbègbè Old Kent Road látìgbà Thatcher nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, kì í ṣe ohun tí mo kà. Bermondsey yìí, Labour ló ni ín, ilé Labour, òpópónà Labour, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó ń gbé ibẹ̀ ò mọ ẹgbẹ́ míì. February 1983 wọ́n ṣe by-election (ìbò láti dí àlàfo àga kan), ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Simon Hughes wá lórúkọ Liberal, ó gbé gbogbo ẹ̀ lọ, ìbò yí kúrò lọ́dọ̀ Labour pẹ̀lú 44%, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ìjà yẹn ò mọ́ o, kí n má purọ́. Wọ́n fi ìgbésí ayé olùdíje Labour, Peter Tatchell, bú u káàkiri àdúgbò torí pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni, ó sì lé ní ogún ọdún kí Simon Hughes tó tọrọ àforíjì ẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n Hughes wà lórí àga yẹn ọdún 32. Ọdún 32 ládùúgbò táwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí bí nǹkan míì, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham àti Walworth, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Báwo ló ṣe ṣe é? Ibi tí iṣẹ́ Lib Dem wà nìyẹn, ẹ̀yin ń wá a lókè, ìsàlẹ̀ ló wà. Iná ojú pópó tó kú, lífítì ilé gogoro tí kò ṣiṣẹ́, pàǹtírí tí wọn ò wá kó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé pélébé kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Focus, wọ́n á ya fọ́tò kánsẹ́lọ̀ wọn tó ń fìka han kòtò ojú títì, wọ́n á jù ú sílé yín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i wọ́n á tún ju òmíì wá pé kòtò yẹn ti dí. Àwọn Labour fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní olóṣèlú ojú títì. Ó dáa náà. Ojú títì lèmi ń rìn.

2015 ó lulẹ̀. Ìwé Focus ò gbà á. Àwọn èèyàn tó ti ń dìbò fún un látìgbà táwọn ọmọ wọn wà nínú pámpásì sọ fún mi pé àwọn fẹ́ràn ẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn ò lè dìbò fún Cameron láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn.

AkẹkọọÌbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni mo wà, mo fẹ́ wá ṣe master's. Mo ka iye ìbò wọn, mi ò lóye ẹ̀. Wọ́n ní Reform ní ìbò ju Lib Dem lọ ní 2024. Báwo wá ni Lib Dem ṣe ní 72 tí Reform ní márùn-ún? Ṣé òjóró ni?

Kúnlé_Oníṣirò

Kì í ṣe òjóró àbúrò, òfin ni, òjóró tí wọ́n fi òfin ṣe ni àwọn kan ń pè é. Orílẹ̀-èdè pín sí ẹkùn 650, níbì kọ̀ọ̀kan ẹni tó bá ṣáájú ló mú un, kódà kó jẹ́ ìbò kan ló fi ṣáájú, kódà kó jẹ́ pé àwọn tí kò fẹ́ ẹ ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá ṣe ìkejì níbi gbogbo, òfo ló máa kó lọ sílé.

Wo ìtàn tiwọn. 1981, àwọn àgbà Labour mẹ́rin, Roy Jenkins, David Owen, Shirley Williams àti Bill Rodgers, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá SDP sílẹ̀, wọ́n bá àwọn Liberal àtijọ́ dìmọ̀. Ìbò 1983, àjọṣe yẹn ní 25.4%, ó lé ní mílíọ̀nù méje ààbọ̀ èèyàn. Labour ní 27.6%. Ìyàtọ̀ ò tó nǹkan, àbí? Labour gba ìjókòó 209. Àwọn gba 23. Torí pé ìbò wọn fẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. 1988 wọ́n da ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, òun la wá mọ̀ sí Lib Dem.

Láti ìgbà tí Paddy Ashdown ti jẹ́ olórí wọn ni wọ́n ti kọ́gbọ́n. 1992: 17.8%, ìjókòó 20. 1997: ìbò wọn lọ sílẹ̀ sí 16.8%, ìjókòó wọn di 46! Wọ́n yéé fọ́n irúgbìn sí gbogbo ilẹ̀, ibi tó lè hù nìkan ni wọ́n ń gbìn ín sí. 2019: 11.6%, ìjókòó 11, olórí wọn Jo Swinson pàdánù tiẹ̀ pẹ̀lú ìbò 149. 2024: 12.2%, ìjókòó 72. Ìbò ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ibi tí ìbò wà ló yí padà. Reform ní 14.3% lọ́dún yẹn, tiwọn fẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri bíi ti 1983, márùn-ún ni wọ́n rí.

Àwọn tó ń sunkún lórí ìlànà yìí láti àádọ́ta ọdún wá jẹ nínú ẹ̀ ní 2024, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ kí wọ́n dá àga padà 😂

AkẹkọọÌbàdàn

Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé wọn ò wá gbìyànjú láti yí òfin yẹn padà nígbà tí wọ́n wà nínú ìjọba?

Kúnlé_Oníṣirò

Wọ́n gbìyànjú. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Cameron nìyẹn, kí gbogbo ìlú dìbò bóyá kí wọ́n yí ìlànà padà. Kódà kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ gan-an, AV ni wọ́n fún wọn, èyí tí wàá fi nọ́ńbà to àwọn olùdíje tẹ̀léra. May 2011, 67.9% ní àwọn ò fẹ́. Cameron àti ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde sójú agbo ta kò ó, nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà. Àwọn tó ṣe ìpolongo pé rárá, fọ́tò Clegg ni wọ́n ń lẹ̀ kiri. Torí pé ọ̀rọ̀ owó yunifásítì ò tíì tutù.

LabourNiMí

Wọ́n fi iyì ara wọn ra referendum, wọ́n tún pàdánù referendum. Mo sinmi.

Bísí_Edinburgh

Ẹ má sinmi o jàre. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé London nìkan ni ìlú ọba. @ỌmọÈkìtì_Leeds èrò yín pé ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ni wọ́n kú, ẹ wá sí Scotland. 1999 tí wọ́n dá ilé aṣòfin Holyrood sílẹ̀, Lib Dem bá Labour ṣe ìjọba, ọdún mẹ́jọ gbáko. Owó ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n fagi lé e. Ìtọ́jú arúgbó nílé, kí wọ́n wẹ̀ fún un, kí wọ́n wọṣọ fún un, ọ̀fẹ́ láti 2002. Títí dòní England ò tíì ní irú ẹ̀. Ìbò kánsù wa, láti 2007, ìlànà tó ń jẹ́ kí ìjókòó bá iye ìbò mu ni, àwọn náà ló béèrè fún un.

Ẹ wo ìjókòó wọn: 1999, 17. 2003, 17. 2007, 16. Ṣé ikú nìyẹn? 2011 ni wọ́n dé márùn-ún, nígbà tí Clegg ti wà pẹ̀lú Cameron ní London, àwa la jìyà ẹ̀ níbí. Nítorí náà kì í ṣe wíwọ ìjọba ló ń pa wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ ni, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé.

ỌmọÈkìtì_Leeds

@Bísí_Edinburgh ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káre. Ọ̀rọ̀ yín wọlé, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìlànà ìdìbò Holyrood yàtọ̀, kò sẹ́gbẹ́ tó rò pé òun nìkan á ṣàkóso, kálukú mọ̀ pé àjọṣe ni. Ní Westminster, ilé aṣòfin London, àwọn èèyàn kà á sí ìwà ọ̀dàlẹ̀. Olùdìbò Lib Dem ní 2010, ọ̀pọ̀ wọn dìbò KÍ TORY MÁ WỌLÉ ni. Ẹni tó dìbò fún ọ kó lè lé ẹnì kan jáde, o wá lọ di ẹni yẹn lọ́wọ́ mú wọlé.

Gbénga_Luton

Gbogbo yín ń sọ owó yunifásítì, kò sẹ́ni tó sọ tiwa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. April 2012 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn post-study work pa, físà tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ níbí lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá parí master's lẹ́yìn ìgbà yẹn, kó wá ẹni tó máa ṣe sponsor fún un kíákíá tàbí kó palẹ̀ mọ́. Bàbá tó ta ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú láti rán ọmọ wá, tó ti rò pé ọmọ á ṣiṣẹ́ ọdún méjì kó lè dá owó padà, òfo. Ó di July 2021 kó tó padà wá lórúkọ Graduate Route, Tory nìkan ló wà níjọba nígbà yẹn, ẹ gbọ́ ìyẹn o.

2013, mọ́tò tí wọ́n kọ "Go Home" sí ń yí kiri London. 2014, òfin tó ní kí onílé máa yẹ físà ẹni tó fẹ́ rẹ́ǹtì ilé wò. Theresa May ti Tory ló wà ní Home Office tó ń bójú tó físà, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ni igbákejì Prime Minister? Clegg ni. Lib Dem láwọn bínú sí mọ́tò yẹn. Òfin yẹn ńkọ́? Ẹgbẹ́ tó ń sọ pé òun fẹ́ràn àjèjì ju gbogbo ẹgbẹ́ lọ ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n fi òfin yẹn jáde.

Àgbà_Bermondsey

Gbénga, o ò parọ́. Ṣùgbọ́n o tún gbọ́dọ̀ rántí ìgbà tí Charles Kennedy jẹ́ olórí Lib Dem. 2003 tí Blair fẹ́ lọ jà ní Iraq, Labour gbà, Tory gbà, nínú ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta Lib Dem nìkan ló ní rárá. February ọdún yẹn Kennedy dúró ní Hyde Park níwájú àìmọye èèyàn nínú òtútù, ó sọ ọ́. September, wọ́n gba Brent East ní London lọ́wọ́ Labour, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé 30, Sarah Teather, ní àdúgbò tó kún fún wa àti àwọn Mùsùlùmí. 2005 wọ́n ní 62. Àárín wo nìyẹn? Lórí ogun, lórí owó yunifásítì, lórí táàsì olówó, apá òsì Labour ni wọ́n wà nígbà yẹn. Clegg dé, ó gbé e lọ sápá ọ̀tún. Àárín kì í dúró lójú kan, ibi tí àwọn méjì tó kù bá fi sílẹ̀ ló ń lọ. Ohun tó ṣòro fún wọn nìyẹn, kì í ṣe àwọn ló ń yan ibi tí wọ́n máa dúró sí.

Tóyìn_Somerset

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, Somerset ni mo wà, kò sí Yorùbá púpọ̀ níbí, màlúù ló pọ̀ 😅 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Leeds lẹ ń béèrè ibi tí Lib Dem wà, ẹ wá síbí ẹ ó rí i. Tí ìbò bá ti súnmọ́, etí oko gbogbo, pátákó ọsàn onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ṣóńṣó dúró, "Winning Here". Ìwé tí wọ́n jù sílé wa nígbà yẹn ṣì wà lórí fíríìjì: chart ọ̀pá mẹ́ta, ọ̀pá Tory gùn, ọ̀pá Lib Dem fẹ́ bá a dọ́gba, ọ̀pá Labour dà bí èékánná, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀ pé Labour ò lè wọlé níbí. Kò sí ọ̀rọ̀ òsì, kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀tún. Ìgbẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ omi ń dà sódò, dókítà tí èèyàn ò rí, ehín tí kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lórí NHS. Àwọn ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, tí wọ́n ti ń dìbò Tory látìgbà tí wọ́n ti mọ ìbò, wọ́n ní àwọn ò lè dìbò Labour láé, ó dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní Lib Dem ò burú. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá òun fi káàdì ìbò sí àpò báàgì òun kó má baà sọnù, ó ní "mo fẹ́ lé wọn." Ẹni ọdún 88.

Ohun kan tún wà tó mú mi tẹ́tí sí Ed Davey. Bàbá ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló tọ́jú ìyá wọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe títí tó fi kú, ọmọ ọdún 15 ni. Ọmọkùnrin ẹ̀ fúnra ẹ̀ ní àìlera tó pọ̀, òun àti ìyàwó ẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀. Tó bá ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n kọ ọ́ sí mánífẹ́sítò 2024 pé kí owó wákàtí òṣìṣẹ́ kíà fi £2 ju ti gbogbo èèyàn lọ. Kò tíì sí ẹgbẹ́ míì tó sọ ọ́ báyẹn sí wa.

LabourNiMí

Sísọ ò le, Tóyìn. Ẹni tí kò ní ṣe ìjọba lè ṣèlérí £20.

ỌmọÈkìtì_Leeds

Àwọn ìyá arúgbó Tóyìn yẹn ni mo ń wá láti àárọ̀! Ẹ wo ibi tí Lib Dem gbà ní 2024. Witney, àga tí Cameron jókòó sí tẹ́lẹ̀. Maidenhead, àga Theresa May. Henley, ibi tí Boris Johnson ti kọ́kọ́ di MP. Ìlú àwọn Prime Minister Tory mẹ́ta, Lib Dem ló ni wọ́n báyìí. Kì í ṣe òsì ló wọbẹ̀, kò lè wọbẹ̀. Tory tí ọ̀rọ̀ Brexit àti rúdurùdu sú ló ń wá ibi tó máa bọ́ sí tí ojú ò ní tì í lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò ẹ̀.

Nítorí náà mo fẹ́ fi kún ohun tí mo sọ. 1997 Labour wọlé rẹpẹtẹ, Lib Dem kó 46. 2024 Labour wọlé rẹpẹtẹ, Lib Dem kó 72. Kò sí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, kálukú kàn ṣe bí ẹni pé òun ò rí ìkejì. Labour ò náwó sí Somerset, Lib Dem ò náwó sí Luton. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe é báyẹn ni Tory ń wó lulẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn o: wọ́n ń kó èèyàn jáde lẹ́yìn Tory láìjẹ́ kí wọ́n di Labour.

Ṣẹ́gun_Essex

Ó dáa, kí ló wá kàn? Tory ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láti kó jáde. Kemi Badenoch tiwa ló ń darí wọn láti November 2024, ó ń fà á sápá ọ̀tún torí Reform ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn. Ìbò kánsù May 2025, Reform ló kó jù, Lib Dem ṣe ìkejì, wọ́n ju Tory lọ, wọ́n ju Labour lọ. Tó bá jẹ́ Reform ni ọ̀tá báyìí, ṣé àwọn ìyá arúgbó yẹn náà á tún máa tẹ̀lé Lib Dem? Ní Essex níbí, ẹni tó bá bínú sí Tory, Farage ló ń lọ bá. Kò sẹ́ni tó ń wo àárín.

Bísí_Edinburgh

Èmi rò pé ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kí wọ́n wúlò. Tí ẹgbẹ́ márùn-ún bá pín ìbò láàárín ara wọn, kò ní sí ẹni tó máa rí 326 fúnra ẹ̀, wọ́n á tún kan ilẹ̀kùn Lib Dem bíi ti 2010. Wọ́n á wá bi wọ́n léèrè: kí lẹ kọ́?

AkẹkọọÌbàdàn

Mo rí i pé MP Lib Dem kan ní Eastbourne ń jẹ́ Babarinde! Kemi níwájú Tory, Babarinde nínú Lib Dem, ìran wa ò kéré o 🙌🏾 Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dé, ṣé èmi akẹ́kọ̀ọ́ lè dìbò ni àbí kí n gba ìwé ìlú kọ́kọ́?

Àgbà_Bermondsey

Josh Babarinde, bẹ́ẹ̀ ni, 2024 ló wọlé. A bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí orúkọ dìbò, ọmọ wa wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ báyìí, wọ́n sì ń dìbò lòdì sí ara wọn.

Ìbéèrè ẹ: o lè dìbò. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹni tó bá ń gbé níbí lábẹ́ òfin, tó sì ti pé 18, lè forúkọ sílẹ̀ kó dìbò fún MP àti kánsẹ́lọ̀, kò dìgbà tó bá di ọmọ ìlú. Àwọn ará Jámánì tó ń gbé níbí ò lè dìbò fún MP, ìwọ lè ṣe é. Láti 2023 wọ́n ń béèrè ID tó ní fọ́tò, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó wà lọ́wọ́ ẹ tó. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ èyí, wọ́n ti gbé ibí ọdún mẹ́wàá láìdìbò rí.

Tóyìn_Somerset

Òun ni mo ń sọ fáwọn ará ibiṣẹ́ mi. Àwọn MP mọ iye wa tó wà níbí, wọn ò kàn rò pé a máa jáde ni. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ fún wa báyìí kọjá òsì àti ọ̀tún: May 2025 ìjọba Labour ní àwọn fẹ́ sọ ọdún márùn-ún tí èèyàn á lò kó tó gba ILR (àṣẹ láti máa gbé níbí títí) di mẹ́wàá, July wọ́n ti físà kíà pa fún ẹni tó wà lókè òkun. Tory ló kọ́kọ́ ní kí a má mú ọmọ wá, March 2024, Labour ò sì dá a padà. Méjèèjì ló ń bá ara wọn díje lórí ta ló máa le mọ́ wa jù, Reform ń ti wọ́n lẹ́yìn. Tí ẹgbẹ́ àárín bá níṣẹ́ kankan ṣe, níbí ló wà. MP Lib Dem ló ń ṣojú ibi tí mò ń gbé, mo ti kọ lẹ́tà sí i pé kí ló máa ṣe nípa ọdún mẹ́wàá yìí, tí ìbò bá dé lórí ẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́, àbí á yẹra. Tó bá dáhùn mo máa gbé e síbí.

LabourNiMí

😂😂 "àbí á yẹra". O ti mú un lò.

Gbénga_Luton

Tóyìn, béèrè ti 2012 náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Tóyìn_Somerset

Ó ti wà nínú ẹ̀, ìpínrọ̀ kejì.